Géèmù 13, wọn ò borí ẹyọ kan: ọ̀rọ̀ tíìmù Army ti West Point lọ́dún 2003

Lọ́dún 2003, tíìmù bọ́ọ̀lù Army, ìyẹn tíìmù àwọn ọmọ skúùlù ológun Amẹ́ríkà tó wà ní West Point, gbá géèmù 13, wọ́n sì pàdánù gbogbo ẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá o. Kó tó di ọdún yẹn, nínú gbogbo ìtàn bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì ńlá ní Amẹ́ríkà, kò tíì sí tíìmù kankan tó gbá géèmù 13 nínú sáà kan tí ò rí ẹyọ kan mú níbẹ̀. Títí dòní, bí wọ́n bá ń ka àwọn tíìmù tí ìyà jẹ jù, Army 2003 máa ń wà níwájú, wọ́n á sì máa sọ ọ́ bíi pé ọ̀lẹ làwọn ọmọ yẹn, bíi pé wọn ò mọ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí gan an, torí bó ṣe rí kọ́ nìyẹn. Àwọn àgbà tó ń darí wọn ló ṣe ìpinnu tó gbé wọn débẹ̀, ìpinnu náà sì ti wà nílẹ̀ látọdún mélòó kan kí ìyà ọ̀hún tó wá pé. Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Fún ẹni tí ò fi bẹ́ẹ̀ mọ eré yìí, bọ́ọ̀lù tí mò ń sọ kì í ṣe irú èyí tí Super Eagles ń gbá. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ni, èyí tó rí roboto tí ẹnu ẹ̀ méjèèjì wá ṣóńṣó, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá tàbí kí wọ́n jù ú fún ẹlòmíì. Èèyàn 11 ló ń kojú èèyàn 11. Tíìmù tí bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ ẹ̀ máa gbìyànjú ẹ̀ẹ̀mẹrin láti sún síwájú ní yáàdì 10, bí wọn ò bá rí i ṣe, bọ́ọ̀lù ti di tàwọn ẹgbẹ́ kejì nìyẹn. Ṣé kí wọ́n máa gbé e sá ni àbí kí wọ́n máa jù ú, ibẹ̀ gan an ni gbogbo ẹjọ́ yìí wà, ẹ máa rí i níwájú.

West Point fúnra ẹ̀, ọdún 1802 ni wọ́n dá a sílẹ̀, etí odò Hudson ló wà, lápá òkè New York. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kádẹ́ẹ̀tì tó bí 4,000. Wọn kì í san owó skúùlù, ìjọba ló ń gbé e, kódà wọ́n tún ń rí owó díẹ̀ gbà lóṣooṣù, àmọ́ tí wọ́n bá ti jáde, dandan ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ ológun fún ọdún 5 ó kéré tán. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ ò sì yàtọ̀ sí kádẹ́ẹ̀tì tó kù rárá. Á jí ní kùtù hàì, á tò síta, á ṣe ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì tó le, á dé pápá bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ara tó ti rẹ̀, tí họlidé bá wá dé, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní skúùlù míì ń gbé irin tí wọ́n ń jẹun kí ara wọn lè le sí i, òun wà nínú igbó tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jagun. Ẹ tún wá wo ọ̀rọ̀ ara sísan. Àwọn tó máa ń wà níwájú ní skúùlù ńláńlá, àwọn tó ń dí ọ̀tá lọ́nà, ó wọ́pọ̀ kí ẹnì kan tó 140 kílò. Iṣẹ́ ológun ò gba irú ẹ̀, ìwọ̀n wà tí ara ọ́físà ò gbọ́dọ̀ kọjá, ẹni tó bá sanra nítorí bọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ fọn kó tó lè gba ipò. Skúùlù míì lè fi ọmọ kékeré sílẹ̀ lọ́dún kan kó kọ́kọ́ dàgbà, kó wá lo ọdún 5 níbẹ̀, àmọ́ ní West Point ọdún 4 ni, ó parí. Ọmọ tó bá sì mọ̀ pé òun lè dé NFL, ìyẹn líìgì àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ṣe, lọ gba owó ńlá, kí ló fẹ́ wá ṣe níbi tí wọ́n ti máa ní kó kọ́kọ́ ṣe ṣójà ọdún 5?

Ní ti ọdún 2003 pàápàá, ogun ti dé. Oṣù kẹta ọdún yẹn ni Amẹ́ríkà wọ Ìráàkì, ogun Afghanistan náà ò sì tíì tán. Àwọn tó wà ní kíláàsì àṣekágbá nínú tíìmù yẹn, ọdún 2000 ni wọ́n wọlé, nígbà tí kò sógun kankan nílẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ò tíì pé oṣù mẹ́ta ní skúùlù tí ìṣẹ̀lẹ̀ 11 oṣù kẹsàn án 2001 fi wáyé. Gbogbo wọn ló mọ ibi tí wọ́n ń lọ tí wọ́n bá ti gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ nìyẹn o.

Wọ́n kì í ṣe tíìmù kékeré tẹ́lẹ̀ náà. Ọdún 1890 ni bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ ní West Point, kádẹ́ẹ̀tì kan tó ń jẹ́ Dennis Michie ló ṣètò ẹ̀, géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbá sì ni wọ́n bá Navy gbá a, ìyẹn skúùlù àwọn ológun orí omi tó wà ní Annapolis. Navy nà wọ́n ní 24 sí 0. Michie kú sójú ogun ní Kúbà lọ́dún 1898, orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi sọ pápá tí wọ́n ṣí lọ́dún 1924, Michie Stadium. Lábẹ́ kóòṣì Earl Blaik, wọ́n di ọ̀gá pátápátá lọ́dún 1944, 1945 àti 1946. Heisman, ìyẹn àmì ẹ̀yẹ plẹ́yà tó dáa jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ West Point gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, Blanchard lọ́dún 1945, Davis lọ́dún 1946, Dawkins lọ́dún 1958. Ó wá di pé nǹkan ń lọ sílẹ̀ nígbà tí owó àti NFL ti wọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù yunifásítì, ẹni tó kọ́kọ́ rí ọgbọ́n dá sí i sì ni kóòṣì Jim Young. Lọ́dún 1984, Young gbé ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní wishbone, tó jẹ́ irú option kan, dé West Point, ọdún yẹn gan an ni Army kọ́kọ́ lọ gbá bowl nínú ìtàn wọn, ìyẹn géèmù àkànṣe tí wọ́n máa ń pe àwọn tíìmù tó ṣe dáadáa sí lẹ́yìn sáà, wọ́n sì na Michigan State níbẹ̀ ní 10 sí 6.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀nà yìí torí òun gan an ni kókó. Ohun tí wọ́n ń pè ní option, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Quarterback, ìyẹn ẹni tó ń darí eré tí bọ́ọ̀lù máa ń kọ́kọ́ dé ọwọ́ ẹ̀, á gba bọ́ọ̀lù, á yíjú sí ẹni tó wà lẹ́yìn ẹ̀ gbágbá, á ti bọ́ọ̀lù sí onítọ̀hún níkùn, àmọ́ kò tíì fi í sílẹ̀ o, ọwọ́ àwọn méjèèjì ló ṣì wà lórí ẹ̀, ojú ẹ̀ wá wà lára ọ̀tá kan pàtó tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi sílẹ̀ láìdí lọ́nà. Tí ọ̀tá yẹn bá ya wọ inú láti wá gbá ẹni àárín mú, quarterback á fa bọ́ọ̀lù yọ, á sá gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Tí ọ̀tá yẹn bá dúró síta, bọ́ọ̀lù di ti ẹni àárín, á forí sọlẹ̀ á gba ibẹ̀ kọjá. Tí quarterback bá wá gba ẹ̀gbẹ́ tí ọ̀tá míì tún já lù ú, á ju bọ́ọ̀lù sí ẹni kẹta tó ti ń sá bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ látẹ̀yìn. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, ọ̀tá yẹn ò sì lè ṣe é re, ohun yòówù tó bá yàn, ìyẹn kọ́ ni wọ́n máa ṣe.

Ẹ wá wo ìdí tó fi bá àwọn ọmọ ológun mu. Àkọ́kọ́, kò nílò òmìrán, torí ọ̀tá tó lágbára jù, ẹ lè fi í sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn án kẹ́ ẹ sì tún fi ojú nìkan yọ ọ́ kúrò nínú eré. Àwọn tó wà níwájú kàn nílò kí wọ́n yára, kí wọ́n gba ìsàlẹ̀ wọlé, kí wọ́n sì gbọ́ràn, ẹ sì mọ̀ pé tó bá di ká gbọ́ràn ká ṣe nǹkan kan náà ní igba ìgbà láìṣì í ṣe, ta ló lè ju kádẹ́ẹ̀tì lọ? Àwọn ọ̀tá kì í fi bẹ́ẹ̀ rí irú ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni, ọjọ́ mélòó kan péré ni wọ́n sì ní láti fi múra sílẹ̀ fún un. Bọ́ọ̀lù sì máa ń pẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé e sá, aago ń ka, àwọn gìrìpá tó mọ bọ́ọ̀lù jù lọ́hùn-ún jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń wòran. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ohun tí West Point ní nílé nìyẹn. Lọ́dún 1996 lábẹ́ kóòṣì Bob Sutton, wọ́n fi ọ̀nà yìí borí géèmù 10, 2 péré ni wọ́n pàdánù, èyí tí wọ́n sì pàdánù kẹ́yìn, ọwọ́ Auburn ni, 32 sí 29, skúùlù ńlá ni Auburn o.

Lẹ́yìn 1996 nǹkan ò dáa mọ́. Wọ́n borí 4 lọ́dún 1997, 3 lọ́dún 1998, 3 lọ́dún 1999. Lọ́dún 1998 yẹn náà ni wọ́n wọ líìgì tí wọ́n ń pè ní Conference USA. Tẹ́lẹ̀, Army dá dúró ni, wọ́n lè yan ẹni tí wọ́n fẹ́ bá gbá, wọ́n á gbá alágbára díẹ̀ wọ́n á gbá ẹni tí agbára wọn dọ́gba. Tí ẹ bá ti wọ líìgì, ẹni tí líìgì bá fún yín lẹ máa bá gbá, ọdọọdún ni Louisville, ọdọọdún ni East Carolina, àwọn tíìmù tó lágbára tí wọ́n sì ń di ọ̀jáfáfá sí i. Lẹ́yìn tí Navy nà wọ́n 19 sí 9 lóṣù kejìlá 1999, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Sutton.

Ibí yìí ni ìpinnu tí mò ń wí ti wáyé. Ọ̀gá eré ìdárayá tuntun tó wà níbẹ̀, Rick Greenspan, Illinois State ló ti wá, kóòṣì tó sì bá a ṣiṣẹ́ níbẹ̀, Todd Berry, ló mú wá. Berry kì í ṣe ẹni tí ò mọṣẹ́ o, mi ò ní í sọ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1999 yẹn gan an ló gbé Illinois State dé semi-final ní ìpele kejì bọ́ọ̀lù yunifásítì. Àmọ́ jíju bọ́ọ̀lù ni tiẹ̀, òun ló mọ̀, òun náà ló sì gbé dé West Point, wọ́n bá pa option tì. Àwọn aláṣẹ rò pé eré tuntun tó ń dán máa fa àwọn ọmọ tó dáa wá, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa lè ta kàn-ń-gbọ̀n pẹ̀lú àwọn ará Conference USA. Igi gańgan-ran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, èyí ò tilẹ̀ jìnnà. Kí èèyàn tó lè ju bọ́ọ̀lù, àwọn tó wà níwájú ẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró gbọn-in bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́rin kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí ọ̀tá dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, ìyẹn sì nílò ìwọ̀n, ó nílò àwọn 140 kílò yẹn. Àwọn tó máa gba bọ́ọ̀lù lọ́hùn-ún náà gbọ́dọ̀ sáré ju ẹni tó ń ṣọ́ wọn lọ, ọmọ tó bá sì ní irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo skúùlù ló ń wá a. Ó dà bí ẹni tó bọ́ bàtà tó bá a lẹ́sẹ̀ mu sọnù tó wá lọ yá bàtà òmìrán wọ̀ láti fi sáré. Ohun tí West Point ò ní, òun gan an ni wọ́n lọ kọ́ gbogbo ilé lé.

Èsì ò pẹ́ rárá. Ọdún 2000 wọ́n borí 1 wọ́n pàdánù 10. Ọdún 2001 wọ́n borí 3 wọ́n pàdánù 8, wọ́n sì rí Navy nà lọ́dún yẹn ní 26 sí 17, àmọ́ Navy fúnra wọn ò borí ẹnì kankan lọ́dún yẹn, géèmù 10 ni wọ́n gbá tí wọ́n pàdánù gbogbo ẹ̀. Ọdún 2002 wọ́n borí 1, Tulane ni, wọ́n pàdánù 11, Navy wá fi 58 sí 12 nà wọ́n ní ìparí. Ẹ rántí 58 sí 12 yẹn.

Ọdún 2003 wá dé. Connecticut ni wọ́n kọ́kọ́ bá gbá, tíìmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gòkè wá sí ìpele ńlá ni o, Connecticut nà wọ́n 48 sí 21. Rutgers gba tiẹ̀, 36 sí 21. Lọ́jọ́ Tulane, wọ́n rí póìntì 33 jẹ, èèyàn á rò pé ìyẹn tó, àmọ́ Tulane jẹ 50. Lẹ́yìn ìyẹn ni ilẹ̀kùn wá tì pátápátá, South Florida nà wọ́n 28 sí 0, TCU nà wọ́n 27 sí 0, géèmù méjì tẹ̀ léra wọn, wọn ò rí póìntì ẹyọ kan. Louisville fi 34 sí 10 kún un. Géèmù 6, òfo. Lọ́jọ́ 13 oṣù kẹwàá, wọ́n lé Berry lọ, ó ti gbá géèmù 40 ní West Point nígbà yẹn, 5 péré ló borí. John Mumford tó ń darí àwọn tó ń dènà ni wọ́n ní kó di ibẹ̀ mú títí sáà á fi parí.

Mo máa ń ronú sí Mumford gan an. Wọ́n gbé tíìmù lé e lọ́wọ́ láàárín sáà, géèmù 7 ló kù, kò sí àyè láti kọ́ wọn ní ọ̀nà míì, torí option kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń kọ́ ní ọ̀sẹ̀ kan, ojú àti ọwọ́ quarterback gbọ́dọ̀ ti mọ́ ọn lára. Àwọn ọmọ tó sì wà níbẹ̀, torí jíju bọ́ọ̀lù ni wọ́n ṣe kó wọn wá. Síbẹ̀ ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ ẹ̀, àwọn ọmọ yẹn jà. East Carolina ni wọ́n kọ́kọ́ kò, òun náà ò tíì borí ẹnì kankan, Army jẹ póìntì 32, East Carolina jẹ 38. Géèmù yẹn nìkan ni East Carolina borí ní gbogbo sáà náà. Èyí tó tẹ̀ lé e, Cincinnati, 33 sí 29. Póìntì 6, lẹ́yìn náà póìntì 4, ìyẹn ni gbogbo ohun tó wà láàárín wọn àti kí orúkọ wọn má wọ ìwé ìtàn. Tí ọ̀kan péré bá bọ́ sí i nínú méjèèjì, lónìí kò sẹ́ni tó máa dárúkọ Army 2003, wọn ì bá kàn wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn tíìmù tó borí ẹyọ kan tó pọ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní.

Lẹ́yìn Cincinnati, ó hàn pé ó ti rẹ̀ wọ́n. UAB nà wọ́n 24 sí 9. Air Force tó jẹ́ skúùlù ológun bíi tiwọn, tí òun ṣì ń lo option ní tiẹ̀, nà wọ́n 31 sí 3. Houston 34 sí 14. Wọ́n wá fò lọ sí Hawaii, Hawaii sì nà wọ́n 59 sí 28. Ìrìnàjò Hawaii yìí ló sọ géèmù wọn di 13, torí òfin bọ́ọ̀lù yunifásítì fàyè gba ẹni tó bá lọ bá Hawaii gbá nílé ẹ̀ láti fi géèmù kan kún iye tó yẹ kó gbá, kí owó ìrìnàjò yẹn má bàa jẹ́ àdánù. Àǹfààní ni wọ́n ṣe é fún. Fún Army lọ́dún yẹn, ńṣe ló fi ìyà kan lé ìyà.

Ó wá ku Navy. Lóṣù kejìlá, ọjọ́ kẹfà, ní Philadelphia, ní pápá Lincoln Financial Field. Ẹni tí kò mọ Army àti Navy lè rò pé géèmù kan lásán ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ o, kádẹ́ẹ̀tì West Point lè gbàgbé gbogbo géèmù tó kù kó má gbàgbé ìyẹn. Gbogbo kádẹ́ẹ̀tì ìhà méjèèjì ló máa ń wá, wọ́n á yan wọlé pẹ̀lú kóòtù gígùn wọn, wọ́n á dúró lórí ìdúró látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Tó bá parí, tíìmù méjèèjì á jọ lọ dúró síwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n pàdánù kí wọ́n kọrin skúùlù wọn, lẹ́yìn náà wọ́n á jọ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó borí. Torí ẹ̀ ni ohun tí gbogbo wọn ń wá fi jẹ́ kí orin tiwọn jẹ́ èkejì. Navy nà wọ́n 34 sí 6 lọ́jọ́ yẹn. Orin Army ló ṣáájú.

Ọ̀rọ̀ Navy yìí gan an ló jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀ láìfi ẹnu kọ́lẹ̀ pé àṣìṣe àwọn àgbà ni. Ọdún 2001 ni mo ní Navy pàdánù géèmù 10 nínú 10, nígbà yẹn Army sàn jù wọ́n lọ. Ipò kan náà ni wọ́n wà, ọdún 5 iṣẹ́ ológun kan náà, ìwọ̀n ara kan náà, ogun kan náà. Kí ni Navy wá ṣe? Wọ́n lọ mú Paul Johnson wá, ẹni tó jẹ́ pé triple option, ìyẹn option oníbi mẹ́ta tí mo ṣàlàyé lókè, ni gbogbo iṣẹ́ ẹ̀, tó sì ti fi gba ife lẹ́ẹ̀mejì ní Georgia Southern. Ọdún àkọ́kọ́ ẹ̀, 2002, wọ́n borí 2 péré, pẹ̀lú 58 sí 12 tí mo ní kẹ́ ẹ rántí. Ọdún kejì ẹ̀, 2003 yẹn gan an, wọ́n borí 8 wọ́n sì lọ gbá Houston Bowl. Láàárín ọdún méjì, Navy gun òkè, Army jìn sí kòtò, láàárín skúùlù méjì tí ọmọ wọn jọra. Bí ẹnì kan bá sọ pé àwọn ọmọ Army ló ya ọ̀lẹ, kó wá sọ fún mi ohun tó yàtọ̀ láàárín wọn ju ìwé tí kóòṣì gbé lọ́wọ́ lọ.

Ẹlòmíì á ní líìgì ni, Conference USA ló pa wọ́n. Mo gbà pé ó dá kún un. Géèmù 50 ni wọ́n gbá nínú líìgì yẹn láti 1998 dé 2004, 9 ni wọ́n borí, 41 ni wọ́n pàdánù, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ lẹ́yìn 2004. Àmọ́ tí líìgì nìkan bá ni, Connecticut, Rutgers, Air Force, Hawaii àti Navy kì í ṣe ará líìgì yẹn, wọ́n sì jìyà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Líìgì le, ó dáa, kí ló dé tí wọ́n fi lọ sójú ìjà tó le tí wọ́n sì fi ohun ìjà tí wọ́n mọ̀ ọ́n lò sílẹ̀ nílé?

Nígbà tí sáà parí, wọ́n mú Bobby Ross wá, àgbà kóòṣì, ẹni tó ti gbé Georgia Tech dé ipò àkọ́kọ́ ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún 1990, tí wọ́n bá tíìmù míì pín in, tó sì ti gbé San Diego Chargers dé Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL. Géèmù 4 àkọ́kọ́ ọdún 2004 náà, wọ́n pàdánù ẹ̀. Tí ẹ bá ka èyí tí wọ́n pàdánù ní ìparí 2002 mọ́ ọn, ó ti di 19 léra wọn. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá 2004 ni wọ́n wá fi 48 sí 29 na Cincinnati, Cincinnati yẹn náà tó fi póìntì 4 mú wọn lọ́dún tó kọjá. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e wọ́n tún na South Florida. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé lára àwọn tó wà ní pápá lọ́jọ́ Cincinnati, àwọn tó gba 13 yẹn mọ́ra wà níbẹ̀. Àwọn àgbà wọn tó ti jáde lóṣù kárùn-ún ò sí níbẹ̀ mọ́, wọ́n ti di lieutenant, ogun ló ń dúró dè wọ́n.

Ross náà ò padà sí option, ó borí géèmù 9 ní ọdún mẹ́ta kó tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún 2008 lábẹ́ Stan Brock ni wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà síbẹ̀, Rich Ellerson gbé e dé dáadáa, lọ́dún 2010 wọ́n borí 7, wọ́n na SMU nínú bowl. Jeff Monken tó dé lọ́dún 2014, tó ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ Paul Johnson rí, ló wá ṣe é délé. Lọ́dún 2016, wọ́n fi 21 sí 17 na Navy, èyí tí wọn ò rí ṣe látọdún 2001, ọdún 14 gbáko ni Navy ti ń nà wọ́n léra wọn. Lọ́dún 2018, wọ́n borí 11, wọ́n fi 70 sí 14 na Houston, Houston yẹn náà tó nà wọ́n lọ́dún 2003. Lọ́dún 2023 Monken gbìyànjú láti yí ọ̀nà ìgbábọ́ọ̀lù náà padà díẹ̀ nítorí òfin dídí ọ̀tá lọ́nà tó yí padà, wọ́n borí 6 wọ́n pàdánù 6, lọ́dún 2024 ó tún fa option padà sáàárín, wọ́n sì tún wọ líìgì lọ́dún yẹn, American Athletic Conference. Èyí tó máa ń jẹ́ kí n sọ pé ọ̀rọ̀ líìgì nìkan kọ́: lọ́dún tí wọ́n kọ́kọ́ wọ ibẹ̀ yẹn gan an, kò sẹ́ni tó rí wọn mú nínú líìgì, wọ́n gba ife ẹ̀ ní Michie Stadium, Tulane ni wọ́n sì nà kí wọ́n tó gbà á, 35 sí 14.

Nítorí náà, ẹni tó bá tún fẹ́ fi 13 yẹn ṣe àpẹẹrẹ ìyà, kó kọ orúkọ ìpinnu oṣù kejìlá 1999 sí i níwájú. Àwọn ọmọ tó jáde sí pápá Philadelphia lọ́jọ́ yẹn lẹ́yìn géèmù 12 tí wọ́n ti pàdánù, tí wọ́n sì mọ ibi tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn skúùlù, ohun tí wọ́n ní kí wọ́n fi jà ni wọ́n fi jà.